Ẹni Tó Ń Ṣubú fún Gbogbo Wọn

Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn wa ló sọ mí ní Àǹtí Mẹ́rin, mi ò sì bínú sí wọn. Èmi ni mò ń kọ ojú ewé géèmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì máa ń fún géèmù kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá. Èyí tó bá dára lè gba mẹ́fà. Èyí tó bá dára gan-an lè gba méje, kó lọ fi dúpẹ́. Àwọn yòókù, mẹ́rin. Kì í ṣe pé mo láhun bí àwọn kan ṣe ń sọ. Mo kàn gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá à ń ṣe láyé yìí ò ju mẹ́rin lọ ni, àti pé ẹni tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ò yẹ kó máa retí kí n kí òun kú iṣẹ́.

Géèmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, inú fíìmù ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ fíìmù Kògbẹ̀bẹ̀. Márùn-ún ni wọ́n ṣe. Ọkùnrin kan tó ń ru ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló di akànṣẹ́, ó lu gbogbo ayé bolẹ̀, ìyàwó ẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìyàwó ẹ̀ padà wá, ó tún lu àwọn tó kù. Wọ́n wá kó márààrún jọ, wọ́n sọ wọ́n di géèmù ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. O lè jẹ́ Kògbẹ̀bẹ̀ fúnra ẹ̀, o sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó bá a jà, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn kan ilé wa díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nínú márààrún, àmọ́ bó o fi awò wò ó, o ò ní rí i. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bá àwọn òṣèré ṣubú. Tó bá ti ku díẹ̀ kí Kògbẹ̀bẹ̀ kan ẹnì kan ní ẹ̀ṣẹ́ àṣekágbá, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, òṣèré yẹn á lọ mu omi, ẹ̀gbọ́n mi á wọ ṣòkòtò péńpé ẹ̀, á dé irun tó jọ tiẹ̀, á wá ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn òṣèré á padà wá dùbúlẹ̀ síbi tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sí, wọ́n á wọ́n omi sí i lára bí ẹni tó làágùn. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, ọkùnrin gíga kan ló bá ṣubú. Nínú ìkẹta, onírùngbọ̀n. Nínú ìkẹrin, obìnrin ló bá ṣubú. Wọ́n fá irun ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, ìyàwó ẹ̀ ò sì tíì jẹ́ kó gbàgbé títí dòní. Gbì là ń pè é nílé.

Màámi nìkan ni ò rí iṣẹ́ ọmọ ẹ̀ rí. Kì í ṣe pé kì í lọ sí sinimá o. Ó máa ń bá wa lọ, á jókòó síwájú, àmọ́ tí Kògbẹ̀bẹ̀ bá ti fa ọwọ́ sẹ́yìn báyìí, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú. Á ní, "Tó bá ti dìde, kẹ́ ẹ sọ fún mi." Àwa náà ò sì ní ohun tá a lè sọ fún un, torí ẹni tí Kògbẹ̀bẹ̀ bá lù kì í dìde. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Màámi á bojú títí wọn á fi tan iná, a ó wá fà á lọ́wọ́ jáde.

Láìpẹ́ yìí, ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà sọ fún un pé bí kò bá jáwọ́ nínú ara ẹ̀ tó ń fi lu ilẹ̀, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Ó gbọ́, àmọ́ kí ló fẹ́ ṣe? Ìṣubú nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá nínú ilé, a kì í sì í sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sórí géèmù. Àwa alárìíwísí ní àṣà kan. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù á fún gbogbo wa kó tó dé ọjà, àmọ́ a ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tá a rí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ara wa, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wa á jọ tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí ẹnì kan má baà wojú ẹnì kejì kó tó kọ tiẹ̀ ni. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tí ọjọ́ bá pé, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń kọ. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe.

Mo gbé Kògbẹ̀bẹ̀ sórí tábìlì mi lọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n. Mo kọ́kọ́ lu ọkùnrin gíga nì. Ó ṣubú: èjìká ọ̀tún ló kọ́kọ́ balẹ̀, ẹsẹ̀ òsì dúró lókè díẹ̀ bí ẹni tó ń ro nǹkan, òun náà wá balẹ̀. Mo lu ọkùnrin tó sanra bí àgbá. Èjìká ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn. Mo lu obìnrin. Èjìká ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn. Mo pe ẹni tó ń kọ ojú ewé eré ìdárayá wá wò ó, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹsẹ̀ yẹn jọ èyí tí mo ti rí rí, mi ò ní purọ́, àmọ́ mo rò pé inú fíìmù ni mo ti rí i.

Èyí tó wá bí mi nínú ni pé tí wọ́n bá lu ìwọ alára ṣubú, o ò lè dìde mọ́. Bọ́tìnnì méjì ló yẹ kó o máa tẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kíákíá, kí rẹfirí tó ka ẹ̀wá. Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi wú. Rẹfirí kà á tán lójú mi, ó gbé ọwọ́ Kògbẹ̀bẹ̀ sókè. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún kà á tán. Nígbà tó yá, mo fi géèmù sílẹ̀, mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Mo kọ ọ́ pé: "Àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò pọ̀ nínú géèmù yìí, ìṣubú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ní. Ó jọ pé wọ́n rí bàbá àgbàlagbà kan tó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n sì ń pín in káàkiri bí ìwé ìpolongo ìbò." Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo fún un ní mẹ́rin, mo sì lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Ó ní kí gbogbo wa pàdé nílé Màámi lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní òun ní nǹkan tóun fẹ́ fi hàn wá. Ohùn ẹ̀ ń dán. Mo bi í pé kí ni nǹkan náà. Ó ní, "Àbúrò, ẹnu mi ti wà ní títì tipẹ́. Ní sùúrù. Ọ̀la ò jìnnà."

Ọjọ́ Sunday yẹn náà ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa. Nígbà tí mo dé ilé Màámi, ìwé ìròyìn ti wà níta láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí pálọ̀ Màámi ṣe rí. Yàrá kékeré ni, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, tẹlifíṣàn lórí kọ́bọ́ọ̀dù, àga mẹ́rin tí ìrọ̀rí wọn ti tẹ́. Ní kọ̀rọ̀, taipuráítà ẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ hun. Taipíìsì ilé ẹjọ́ ni Màámi jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Bí lọ́yà ṣe ń sọ ọ́ lòun ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí lọ́yà tó sọ̀rọ̀ yára tó fi ní kó dúró de òun. Títí di ìsinsìnyí, tá a bá ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀, ìka ẹ̀ á máa tẹ̀ lórí apá àga. Ohun tá à ń sọ ló ń tẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn àgbà, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó há páálí kan mọ́ abíyá, ó sì bo páálí náà pẹ̀lú aṣọ ìnura. Kó tó jókòó, ọmọ ẹ̀ ti gbé fóònù sójú.

Ọmọ náà ní, "Àǹtí Mẹ́rin tún ti ṣe é o. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì kà á débi bàbá àgbàlagbà tó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀.

Mo ti múra láti rẹ́rìn-ín. Mo wá rí i pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé páálí ẹ̀ sórí tábìlì pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Kà á títí dé ìsàlẹ̀."

Ọmọ ẹ̀ kà á. Ohùn ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ibi máàkì, mo gbìyànjú láti tú pálọ̀ lára. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá àwọn tó ṣe é lóhùn jàre. Géèmù burúkú ni."

Ìyàwó ẹ̀ ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Ọkọ mi, bàbá tó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n o." Ó sì fa aṣọ ìnura kúrò lórí páálí. Géèmù Kògbẹ̀bẹ̀ ni.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo wo ilẹ̀, àfi bíi pé màá rí èèpo ẹyin níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ṣàlàyé, kò sì gbé ohùn sókè. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù ló pè é. Wọ́n wọ aṣọ dúdú kan fún un tó fún mọ́ ọn lára, wọ́n lẹ àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń tàn mọ́ gbogbo oríkèé ẹ̀, wọ́n to kámẹ́rà tó máa gbé ìṣubú ẹ̀ sára àwọn akànṣẹ́ inú géèmù yí i ká, ó sì ń ṣubú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí géèmù yóò fi jáde. Ọ̀gá wọn sọ fún un pé bí iṣẹ́ náà bá dára lójú aráyé, àwọn á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìṣubú. Orí àga ni yóò jókòó sí, kò ní máa fi ìbàdí lu ilẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ọ̀gá wọn ní àwọn máa wo ohun tí àwọn alárìíwísí bá sọ."

Mo bi í pé, "Kí ni àwọn yòókù sọ?" Ọmọ ẹ̀ ti ń wò ó lórí fóònù. Gbogbo wọn ló sọ ọ́. Dígí, alárìíwísí ìwé ìròyìn kejì, tá a sọ ní Dígí torí awò ojú ẹ̀ tó nípọn, fún un ní márùn-ún, ó sì kọ ọ́ pé ìṣubú wọn ń sú èèyàn. Ẹni ti rédíò náà bú ìṣubú. Kò sí ẹni tí kò bú ìṣubú.

Ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ mi gbóná, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú sí mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo kọ. Bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣubú."

Ó ní, "Irọ́ ni. Mi ò ṣubú bákan náà lẹ́ẹ̀mejì rí láyé mi." Ó sọ fún ọmọ ẹ̀ pé, "Gbé e sí i, ká jọ wò ó."

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé òun fúnra ẹ̀ ò tíì rí i. Ó ti fẹ́ kó jẹ́ pé níwájú Màámi lòun máa kọ́kọ́ ti rí i.

Wọ́n so géèmù mọ́ tẹlifíṣàn. Ọmọ ẹ̀ mú páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù, ó di Kògbẹ̀bẹ̀, ó dojú kọ ọkùnrin gíga nì. Màámi ti gbé ọwọ́ méjèèjì sójú. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe èèyàn, àwòrán ni. Kò dùn ún." Ó la ìka méjì díẹ̀, ó ń yọjú láàárín wọn. Ọkùnrin gíga gba ẹ̀ṣẹ́ lágbọ̀n. Èjìká ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn.

Màámi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn."

Màámi tún ní, "Ṣé ẹ ò rí ẹsẹ̀ ni? Láti ìgbà tó ti ń kọ́ ìrìn ló ti ń ṣubú báyìí. Apá ọ̀tún á lọ, ẹsẹ̀ òsì á ní òun ò lọ, tó bá yá á lọ." Mo rántí àtẹ̀gùn ilé tá a gbé ní kékeré, mo rántí ọmọkùnrin kan tó ń yí bọ̀ láti òkè ẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ yẹn fi jọ èyí tí mo ti rí rí.

Ẹnì kejì ṣubú, ẹni tó sanra. Bákan náà. Obìnrin ṣubú. Bákan náà. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga.

"Àwọn yòókù dà?" Ó ń wo tẹlifíṣàn bíi pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀ tó máa dá a lóhùn. "Mo ṣe ìṣubú ẹni gíga, orúnkún ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ṣe ti ẹni tó sanra, tó máa kọ́kọ́ jókòó kó tó sùn. Mo ṣe ti ẹni tó ti kú lórí ìdúró. Mo ṣe ti ẹni tí kò fẹ́ ṣubú. Èyí tí mò ń wò yìí, ìdánwò ni. Òun ni mo kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Mo ṣubú bí ara mi lásán ni." Ó yíjú sí mi. "Àbúrò, mẹ́rin lo fún wọn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ìwọ náà ti ń ya ọ̀làwọ́."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà pẹ̀lú, ìyàwó ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá mi léjìká pẹ̀lú aṣọ ìnura yẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dárí jì mí. Àmọ́ ẹ̀rín ò gbani síṣẹ́. Nígbà tó sú wa, ẹ̀gbọ́n mi padà jókòó, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, mo sì rí i pé ó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Tó bá di ọjọ́ Monday, yóò tún lọ wá ilẹ̀ tó máa ṣubú lé.

Lásìkò yẹn ni Kògbẹ̀bẹ̀ tí ọmọ ẹ̀ ń darí jẹ ẹ̀ṣẹ́ nínú géèmù, tó sì ṣubú. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò jan bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ó ń fò lórí àga. Rẹfirí kà á tán.

Mo ní, "Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó lè dìde nínú géèmù yìí. Gbogbo wa la kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Màámi ní, "Kí lẹ̀ ń tẹ̀?"

"Bọ́tìnnì méjì yìí, Màámi àgbà. Ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kíákíá, kó tó ka ẹ̀wá."

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

Màámi ní, "Gbé e wá."

Ó gba páàdì, ó yí i wò, kò sì mú un bí gbogbo ayé ṣe ń mú un. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó gbé ọwọ́ lé e láti òkè, ó fi ìka ìfábẹ̀là kan sórí bọ́tìnnì kan, èkejì sórí èkejì. Ó wo àtàǹpàkò ọmọ ọmọ ẹ̀ tó ti pọ́n. Ó ní, "Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú. Àtàǹpàkò? Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi í tẹ̀."

Wọ́n ní kó máa jà. Ó ní òun ò ní lu ọmọ òun. Ó kàn jókòó tí wọ́n ń lu akànṣẹ́ tiẹ̀, ọkùnrin gíga nì, títí ó fi ṣubú. Rẹfirí tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ sókè. Ení. Èjì.

Ìka Màámi bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ irú ìró yẹn látìgbà tí mo ti kúrò nílé: ìró tó máa ń wá láti yàrá ẹ̀ nígbà tó bá gbé iṣẹ́ ilé ẹjọ́ wálé, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á jókòó lẹ́nu ọ̀nà ká máa retí kó parí. Kò wo ọwọ́ ẹ̀ rárá. Tẹlifíṣàn ló ń wò. Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ. Nígbà tí rẹfirí ka ẹ̀sán, ọkùnrin gíga mira.

Kò sẹ́ni kankan nínú àwa alárìíwísí tó tíì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ méjèèjì jọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ti orúnkún, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ìbàdí mú, ó yanu díẹ̀, ó wá ń dìde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó nàró tán, ó gbọn ekuru ìdí ẹ̀ nù. Gbogbo àwọn èrò inú géèmù dìde pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo ẹ̀gbọ́n mi lórí àga tó jókòó sí. Bó ṣe máa ń dìde kúrò lórí àga yẹn gan-an nìyẹn, tó fi mọ́ ekuru ìdí.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Lẹ́yìn ìṣubú kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ dìde kí n padà sáyè mi. Ó jọ pé wọn ò pa kámẹ́rà." Ó tún ní, "Nínú márààrún yẹn, wọn ò jẹ́ kí n dìde rí."

Màámi ní, "O ti dìde báyìí."

Ó ní kí wọ́n tún lù ú. Wọ́n lù ú, ó ṣubú, Màámi gbé e dìde. Ó mú onírùngbọ̀n, ó gbé e dìde. Ó mú obìnrin, ó gbé e dìde. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń wo ọmọ ẹ̀ tó ń ṣubú, nítorí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lórí páàdì, kò sí èyí tó kù tó lè fi bojú. Nígbà tí mo rí ìyẹn, mo lọ sí ilé ìdáná lọ fọ ife tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Monday, mo bá olóòtú wa lọ́fíìsì ẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ọkùnrin tó fẹ́ràn òwe ni. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. O fẹ́ sọ mẹ́rin di mẹ́jọ torí ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mo ní, "Mi ò fọwọ́ kan mẹ́rin o. Bákan náà ni wọ́n ṣì ń ṣubú. Ohun tí gbogbo wa ò rí ni mo fẹ́ kọ. Tá a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi ń bínú, mi ò ríran."

Ó rò ó. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, kí n má sì fi máàkì kankan sí i. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àkọlé ẹ̀ ni "Ẹ̀gbọ́n Mi ni Gbogbo Wọn." Mo sọ bí ìyá mi ṣe tẹ́ páàdì sórí itan àti ìka tó lò. Mo tún bú ilé-iṣẹ́ náà dáadáa, mo ní wọ́n ra odindi àpò ẹ̀wà, hóró kan ni wọ́n sè, wọ́n wá ń bi wá pé ṣé a ti yó. Àwọn tó ń kà á kọ̀wé sí wa pé mẹ́rin dà, pé ṣé ara mi ò yá ni.

Mo pe Dígí fúnra mi. Ó ní òun ò lè máa tẹ páàdì bíi taipuráítà, pé ẹ̀yìn òun ti tẹ̀ tó. Lọ́jọ́ kejì ló pè mí padà. Ó ní, "Mo ti rí i." Mo dúró kó fi kún un. Ó ní, "Ó gbọn ekuru ìdí ẹ̀ nù." Ìyẹn nìkan ló sọ, Dígí tí kì í sọ ohun tó dáa nípa oúnjẹ ìyàwó ẹ̀. Òun náà kọ ọ́. Ẹni ti rédíò sọ ọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páàdì lé itan káàkiri, wọ́n ń ya ìdìde náà sórí fóònù, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tí gbogbo wọn wá ń béèrè ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè ní pálọ̀ Màámi: àwọn ìṣubú yòókù dà?

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà pe ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀. Ó ní àwọn ìṣubú yòókù wà nípamọ́, àwọn ò tètè rí àyè kó wọn sí ni. Ṣé ó lè wá jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ òun, kó fún olúkúlùkù ní ìṣubú tiẹ̀? Lẹ́yìn náà, ṣé ó lè dúró, kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́? Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́. Ìyàwó ẹ̀ sọ fún mi pé ohun àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lẹ́nu ni àga, àga tó ní ìrọ̀rí tó nípọn.

Nígbà tí géèmù tuntun jáde, a tún pàdé ní pálọ̀ yẹn. Ẹni gíga ṣubú, orúnkún ẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó sanra jókòó ná, kó tó sùn. Obìnrin náà ni ẹni tí kò fẹ́ ṣubú, ó di okùn mú, ó ń wo gbogbo wa lójú, kó tó wá lọ. Èmi tí mo ti rí oríṣiríṣi géèmù, ẹnu yà mí, mo sì sọ ọ́ síta. Kògbẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ìdánwò ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ ló yẹ kó máa ṣubú bí òun.

Ó bi mí pé, "Àbúrò, mélòó?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé mi ò lè fún yín ní máàkì. Ará ilé ni yín."

Màámi ò yí ojú kúrò lára tẹlifíṣàn. Ó ní, "Mẹ́sàn-án. Rẹfirí ti kà á."

Mo ní kò sẹ́ni tó gba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi rí. Ó ní ọwọ́ mi kọ́ ló ti gbà á.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ké sí wa láti ilé ìdáná pé oúnjẹ ti délẹ̀. Màámi gbé páàdì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa ẹsẹ̀ méjèèjì jọ, ó fi ọwọ́ òsì ti orúnkún, ó fi ọ̀tún di ìbàdí mú. Ọmọ ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, "Ení, èjì," èmi náà sì gbè é, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé ká fi òun sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dìde. Màámi ò bá wa kà. Àmọ́ ìka ẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀ lórí apá àga, kíákíá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí ọmọ ẹ̀ fi nàró tán.